Gọ́ọ̀mù wo ló dára jù fún búlọ́ọ̀kù fóòmù tí wọ́n ń da kọ́ńkéré sínú rẹ̀?

Onílé_Ìyìn

Ẹ kú uṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Àbúrò mi tó wà ní Kánádà kó búlọ́ọ̀kù fóòmù ránṣẹ́ sí mi nínú kọ̀ntẹ́nà, ó ní kí n fi kọ́ ilé kékeré kan sẹ́yìn ilé bàbá wa ní Ìyìn. Fún àwọn tí kò tíì rí i rí: fóòmù funfun bíi èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n ni, ṣùgbọ́n ó le ju ìyẹn lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 1.2, ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 40. Ògiri fóòmù méjì ló kọjú síra wọn, ike ló so wọ́n pọ̀ láàárín, inú rẹ̀ ṣófo tó sẹ̀ǹtímítà 15. Wọ́n á tò ó léra bíi búlọ́ọ̀kù, wọ́n á to irin sínú rẹ̀, wọ́n á wá da kọ́ńkéré sí i. Fóòmù náà kò ní kúrò níbẹ̀ mọ́, orí rẹ̀ ni wọ́n á rẹ́.

Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló ní eyín lókè àti nísàlẹ̀ tó ń wọnú ara wọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti kán lẹ́nu nínú ọkọ̀, igun ilé wa kan kò sì ṣe déédéé, a ní láti fi ayùn gé àwọn mìíràn. Ibi tí a bá ti gé kò ní eyín mọ́. Mo lọ sí Ajílósùn ní Adó, ẹni tó ń tajà kó oríṣi mẹ́rin síwájú mi: gọ́ọ̀mù funfun àwọn kápíńtà, gọ́ọ̀mù rúsúrúsú tí àwọn tó ń tún bàtà ṣe ń lò, gọ́ọ̀mù táìsì inú àpò, àti fóòmù inú agolo tí wọ́n ń fún sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Gbogbo rẹ̀ pátá ló ní "á mú un dáadáa." Bíríkìlà mi ní ti táìsì ni ká rà. Èwo ni ká mú? Ó wù mí ká da kọ́ńkéré kí ọyẹ́ tó dé.

ỌmọẸ̀fọ̀n

Ẹ̀gbọ́n, ohun yòówù tí ẹ bá fẹ́ ṣe, ẹ má jẹ́ kí gọ́ọ̀mù oníbàtà kan fóòmù yẹn. Ẹ wá páàkì funfun tí wọ́n ń bu ìrẹsì sí níbi ìnáwó, ẹ kán gọ́ọ̀mù náà sí i díẹ̀, ẹ wá dúró wò ó. Ẹ ò ní bi ẹnikẹ́ni mọ́.

Tíṣà_Kẹ́mísìrì

Òótọ́ ni ỌmọẸ̀fọ̀n sọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Polystyrene ni wọ́n fi ṣe fóòmù yìí, afẹ́fẹ́ ló sì kó nǹkan bí ìdá 98 nínú 100 rẹ̀. Ìwọ̀nba tín-ín-rín tó ṣẹ́kù ló di afẹ́fẹ́ náà mú. Toluene àti àwọn ẹbí rẹ̀ ni wọ́n fi ń po gọ́ọ̀mù oníbàtà kó lè máa ṣàn. Bí toluene, acetone, tínà tàbí pẹtiróòlù bá kan polystyrene, yíyọ́ ló máa yọ́, afẹ́fẹ́ á jáde, ihò á sì ṣí sílẹ̀. Ihò tí ẹ rí kọ́ ló burú jù. Bí ẹ bá fi gọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ sáàárín búlọ́ọ̀kù méjì tí ẹ tẹ̀ wọ́n mọ́ra, òórùn rẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde, abẹ́lẹ̀ ni yóò ti máa jẹ ẹ́ lọ. Lóde, ẹ ó rò pé ó ti lẹ̀.

Gọ́ọ̀mù kékeré inú tíúbù tó ń mú nǹkan lójú ẹsẹ̀ náà ń jẹ fóòmù. Wọ́n ní irú tí kì í jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fi tíúbù tí kò tó ìka kọ́lé?

Ti kápíńtà kò ní jẹ ẹ́. Ìṣòro tiẹ̀ ni pé omi inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde kó tó le. Lára igi, igi ló ń mu omi náà. Fóòmù kì í mu omi, nítorí náà etí ibi tí ẹ lẹ̀ á gbẹ, àárín á sì wà bí ẹ̀kọ tí kò dì. Lẹ́yìn náà, ẹ ó wá da kọ́ńkéré olómi lé e lórí.

Ohun kan wà tó ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà: àwòrán iná tó wà lára agolo. Ó wà lára gọ́ọ̀mù oníbàtà, ó wà lára fóòmù inú agolo pẹ̀lú. Ti àkọ́kọ́, omi tó ń yọ́ fóòmù gan-an ló fà á. Ti èkejì, gáàsì tó ń tì í jáde ni. Ẹ má fi àwòrán iná yàn. Ibi tí wọ́n ti kọ polystyrene tàbí EPS (orúkọ kúkúrú fóòmù yìí) mọ́ àwọn ohun tó lè lẹ̀ ni kí ẹ wá. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ dá a padà sórí káńtà.

Ọ̀gá_Bíríkìlà

Ẹ má bínú sí mi o. Kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996 ni mo ti ń di páànù kọ́ńkéré mú. Ti táìsì tí bíríkìlà yín wí, kò parọ́. Simẹ́ńtì ni, omi ni wọ́n fi ń pò ó, kò sí ohun tó ń yọ́ fóòmù nínú rẹ̀. Mo ti fi lẹ pátákó fóòmù mọ́ ara ògiri ní Àbújá, ó ṣì wà níbẹ̀. Ẹ kàn fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú fóòmù náà kó lè rí ibi mú. Ẹ wá ń sọ̀rọ̀ agolo, agolo. Mo gbọ́ pé wọ́n tún ń fi ìbọn yìn ín. Ṣé ogun la ń lọ ni?

ỌmọẸ̀fọ̀n

Ogun Èkìtì Parapọ̀ ti parí, Ọ̀gá 😂

Kọ́lékọ́lé_Kánádà

Ọ̀gá, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ọmọ Ìjerò ni mí, iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù fóòmù yìí gan-an ni mo ń ṣe níbí. Kì í ṣe nǹkan àná níbí: ọmọ Kánádà kan, Werner Gregori, ló forúkọ irú rẹ̀ sílẹ̀ ní 1966. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀, ẹ fara dà á.

Kí a tó yan gọ́ọ̀mù, ẹ jẹ́ ká mọ iṣẹ́ tí a fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù kọ́ ló ń gbé ilé yìí dúró. Kọ́ńkéré àti irin inú rẹ̀ ló ń gbé e. Bí kọ́ńkéré bá ti gan tán, kí gọ́ọ̀mù jẹrà pátápátá, ilé kò ní mọ̀. Ìgbà tí a nílò rẹ̀ ni ìgbà tí a bá ń to fóòmù, àti wákàtí díẹ̀ tí kọ́ńkéré fi wà ní tútù. Ní wákàtí díẹ̀ yẹn, kọ́ńkéré ń ti ògiri fóòmù síta, ó tún ń gbé e sókè. Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa: ó ń gbé e sókè. Kúbíìkì mítà kan kọ́ńkéré wúwo tó kíló 2,400, ti fóòmù yìí kò ju nǹkan bíi kíló 25 lọ. Ibikíbi tí kọ́ńkéré bá ti rí àyè wọ abẹ́ fóòmù, yóò fẹ́ kó léfòó. Kóòsì kìíní (ìlà búlọ́ọ̀kù àkọ́kọ́) tí a kò lẹ̀ mọ́ ìpìlẹ̀ lè dìde, gbogbo èyí tó wà lórí rẹ̀ á sì bá a dìde.

Nítorí náà, gọ́ọ̀mù tó dára níhìn-ín ni èyí tí kò jẹ fóòmù, tí kò nípọn láàárín eyín, tí kò sì wú. Ohun tó bá gbogbo rẹ̀ mu ni fóòmù PU (polyurethane) inú agolo, irú èyí tí wọ́n kọ "adhesive" àti "low expansion" sí lára, tí wọ́n ń fi ìbọn yìn. Ẹ má ṣe rò pé òun kan náà ni pẹ̀lú ti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ti fèrèsé, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wú kó dí àlàfo. Bí ẹ bá fi sáàárín búlọ́ọ̀kù, ẹ ó wọn lẹ́fẹ̀lì nírọ̀lẹ́, yóò pé, ẹ ó dé láàárọ̀, ẹ ó bá a tó ti yẹ̀.

Ọ̀gá, ti táìsì yín: mo gbà pé ó ń lẹ fóòmù mọ́ ògiri, àwọn aláwọ̀ funfun náà ń lo irú rẹ̀ fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n ara ògiri kò ní eyín. Láàárín kóòsì sí kóòsì, yóò dí eyín, búlọ́ọ̀kù kò ní jókòó dé ìdí. Bí ó bá ga ní mílímítà 3 péré lórí kóòsì kọ̀ọ̀kan, tí ògiri jẹ́ kóòsì méje, ògiri á ti fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2 ga jù, kò sì ní ga dọ́gba. Apá kan á ga ju èkejì.

Onílé_Ìyìn

Ọlọ́run á bù kún yín. Ṣé ohun tí ẹ ń sọ ni pé kí n máa yìn ín sórí gbogbo kóòsì? Torí iye owó agolo yẹn… ẹ̀rù bà mí.

Kọ́lékọ́lé_Kánádà

Rárá o. Ibi tí eyín bá ti wọ eyín dáadáa, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ ná owó agolo sí ibi tí kò sí eyín.

Ibi àkọ́kọ́ ni abẹ́ kóòsì kìíní, níbi tó ti jókòó lé ìpìlẹ̀. Ìkejì ni gbogbo ibi tí ẹ bá ti fi ayùn gé: igun tí kò dọ́gba yẹn, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé àti ilẹ̀kùn, àti àwọn tó kán lẹ́nu. Níbi gígé tó nà ròó, gọ́ọ̀mù nìkan kò tó. Ẹ fi pákó pẹlẹbẹ dábùú ojú ibi tí ẹ lẹ̀ yẹn, ní ìta àti ní inú, kí ẹ fi súkúrúù dè é mọ́ ike tó wà nínú fóòmù lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ike yẹn ni súkúrúù ń mú, kì í mú fóòmù. Kóòsì tó wà lókè pátápátá náà, ẹ lẹ̀ ẹ́, torí kò sí ẹrù lórí rẹ̀ tó máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Bí a ṣe ń yìn ín: ìlà kan lórí fóòmù ìta, ìlà kan lórí fóòmù inú, kó má nípọn ju ọmọ ìka ìkẹyìn lọ. Ẹ má gbé e sétí gan-an, yóò tú jáde. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra kí ojú rẹ̀ tó di awọ, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ìyẹn, kí ẹ sì gbé ẹrù lé e tàbí kí ẹ de ìdè mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì kí ẹ tó fún un ní wàhálà.

Ṣùgbọ́n ìwé wà nínú kọ̀ntẹ́nà yẹn, ẹ wá a. Búlọ́ọ̀kù ilé-iṣẹ́ kan kò rí bí ti èkejì. Níbi tí ìwé bá ti yàtọ̀ sí ohun tí mo wí, ti ìwé ni kí ẹ ṣe.

Ìyá_Oníṣọ́ọ̀bù_Adó

Mo ń ta irú agolo yẹn, nítorí náà kí ẹ mọ̀ pé ọjà ni mo ń polówó 😀 ṣùgbọ́n òótọ́ ni n ó sọ. Oríṣi agolo méjì ló wà. Ọ̀kan ní ọ̀pá ike tín-ín-rín lórí tí ẹ ó kàn tẹ̀, èkejì kò ní nǹkan kan lórí àfi òrùka tí ẹ ó yí mọ́ ẹnu ìbọn. Ti ọ̀pá, bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú, kò sí bí ẹ ṣe lè dá a dúró kó dọ́gba, bí ẹ bá sì dá a dúró fún ìgbà díẹ̀, ọ̀pá náà á dí. Ti ìbọn, ẹ lè fi sílẹ̀ kó sinmi pẹ̀lú agolo lẹ́nu rẹ̀. Owó ìbọn ló ń dun àwọn oníbàárà mi, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó rà á.

Ẹ wo ọjọ́ tó wà ní ìdí agolo. Púpọ̀ nínú wọn kì í ju ọdún kan lọ, àwọn kan sì ti lo ọ̀pọ̀ oṣù lójú omi àti ní Èkó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ gbé e mì sí etí. Bí ẹ kò bá gbọ́ kó máa ṣí nínú, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Òòró ni ká máa gbé e kalẹ̀, bó bá sùn, ẹnu rẹ̀ á lẹ̀ pa. Ẹ má fi sínú búùtù ọkọ̀ lọ́sàn-án gangan, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé kó má ju ìgbóná 50 lọ, ó lè bú. Kí ẹ tó yìn ín, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ dojú agolo kodò. Ibọ̀wọ́ ṣe pàtàkì, torí bó bá gan mọ́ ọwọ́, àfi kí awọ ara ẹni gbó o dànù.

Ọ̀rọ̀ kan tí Tíṣà kò tíì sọ: wọ́n ń ta omi ìfọ̀bọn mọ́ ọn. Acetone ni. Ẹ má fọ ìbọn lórí búlọ́ọ̀kù.

Tíṣà_Kẹ́mísìrì

Mà, ẹ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi. Bó bá dà sórí fóòmù nígbà tó ṣì tutù, ẹ má fi omi yẹn nù ún. Ẹ fi sílẹ̀ kó gan, kí ẹ fi ọ̀bẹ ha á kúrò. Kí ẹ sì ṣí fèrèsé bí ẹ bá ń lò ó nínú yàrá, isocyanate inú rẹ̀ kò dára fún ẹni tó ní ikọ́ fée.

Kò_Yé_Mi

Ẹ ṣàlàyé fún mi. Èkìtì wa yìí tí ó kún fún òkúta, tí wọ́n ń fọ́ gíránáìtì káàkiri, kí ló dé tí a fi fẹ́ fi ohun tí wọ́n fi ń ṣe kúlà ẹja dídì kọ́lé? Ikán á kàn sọ ọ́ di ilé tiwọn ni.

Onílé_Ìyìn

Ẹ̀gbọ́n, àbúrò mi ti kó o dé, owó kọ̀ntẹ́nà ti lọ. Àbí kí n fi di ẹja ni?

Ẹnjiníà_Ọ̀yẹ́

Kò_Yé_Mi, ti ikán, ìbéèrè gidi ni, ẹ jẹ́ ká padà sí i. Ti òkúta, kọ́ńkéré inú rẹ̀ náà gíránáìtì ni.

Mo fẹ́ fi nọ́ńbà sí ohun tí Kọ́lékọ́lé sọ, torí mo rí i pé gọ́ọ̀mù ni gbogbo wa gbájú mọ́, bẹ́ẹ̀ bí a ṣe ń da kọ́ńkéré ni yóò pinnu bóyá fóòmù á bẹ́ tàbí kò ní bẹ́. Kọ́ńkéré tútù máa ń tì bí omi ṣe ń tì, ṣùgbọ́n ó wúwo tó omi lọ́nà 2.4. Bí ẹ bá dà á ga mítà kan, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń ti ògiri ní kíló 2,400 lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Ojú búlọ́ọ̀kù yín kan jẹ́ 1.2 lọ́nà 0.4, ìyẹn 0.48. Ó túmọ̀ sí pé ohun tó ń ti búlọ́ọ̀kù kan ṣoṣo níbẹ̀ súnmọ́ tọ́ọ̀nù kan. Bí ẹ bá dà á kún dé mítà 2.8 lẹ́ẹ̀kan náà kí ti ìsàlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í le, ó máa súnmọ́ tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Kò sí gọ́ọ̀mù tí ẹ lè rà ní Ajílósùn tó máa dá ìyẹn dúró. Ike àárín ló ń dá a dúró, nítorí ó so fóòmù méjèèjì pọ̀. Ibi tí ẹ gé ni ike ti jìnnà sí etí, ìdí nìyẹn tí pákó tí Kọ́lékọ́lé wí fi ṣe pàtàkì ju gọ́ọ̀mù tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ.

Nítorí náà: ẹ má dà á ga ju mítà kan lọ ní yíyípo kan. Ẹ yí gbogbo ilé ká, kí ẹ tó padà síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, èyí tó wà nísàlẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í le. Gíránáìtì háàfù-íǹṣì ni kí ẹ rà, ẹ má ra tírì-kọ́tà, torí inú sẹ̀ǹtímítà 15 tí irin àti ike ti gba àyè kò ní jẹ́ kó kọjá, ihò á sì wà nínú ògiri yín tí fóòmù á bò mọ́lẹ̀ tí ojú kankan kò ní rí láéláé. Èyí ló ń bà mí lẹ́rù jù nípa ilé báyìí. Pẹ̀lú pákó tí a fi ń da kọ́ńkéré, ẹ ó yọ ọ́, ẹ ó rí ihò, ẹ ó dí i. Fóòmù kì í yọ. Ẹ yá fáíbúrétọ̀ olórí tín-ín-rín, ẹ̀rọ tó ń gbọn kọ́ńkéré kó lè kún ibi gbogbo.

Ọ̀gá_Bíríkìlà

Ẹnjiníà, ẹ ṣeun. Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n gbé tèmi wá. Àwọn Kánádà ń fi ẹ̀rọ fa kọ́ńkéré, ó ń tú wọlé bí odò Ikògosì. Lọ́dọ̀ wa, páànù orí ni. Bí lébà bá tó mẹ́wàá, tí wọ́n ń gun àkàbà, kò sí bí ẹ ṣe lè dà á yára débi tí yóò fi bẹ́. Ìlọ́ra wa yẹn, ààbò ni. Ewu tiwa wà níbòmíràn: lébà kan á dé òkè, á da odindi páànù sójú kan láti òkè pátápátá, agbára ìjábọ́ rẹ̀ á gbọn fóòmù. Ẹ ṣe ẹnu pákó tí wọ́n á máa dà á sí, kó máa yọ́ wọlé. Kí wọ́n má sì lọ jẹun kí yíyípo kan tó parí.

Ti eyín tí kò di ara rẹ̀ mú dáadáa, mo ní nǹkan tó rọrùn ju agolo lọ. Ike wà nínú búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀, ike wà nínú ti òkè. Ẹ fi wáyà tí a fi ń di irin so ike ti òkè mọ́ ti ìsàlẹ̀, kí ẹ fi pláyà lọ́ ọ. Kò ní dìde mọ́.

Kọ́lékọ́lé_Kánádà

Ọ̀gá, ohun tí a ń ṣe níbí gan-an nìyẹn, okùn ike tó ń há ara rẹ̀ la fi ń dè é. Wáyà yín tún lágbára jù ú lọ. Ẹ má kàn lọ́ ọ débi tí ike á fi ya.

Mo tún gbà fún yín lórí ohun kan. Bí ojú ìpìlẹ̀ kò bá tẹ́jú, fóòmù inú agolo kò lè tún un ṣe. Níbẹ̀, ẹ lo táìsì yín. Ẹ tẹ́ ẹ sórí ìpìlẹ̀, ẹ jókòó kóòsì kìíní lé e, ẹ wọn lẹ́fẹ̀lì rẹ̀ kó tó gan. Láti kóòsì kejì lọ sókè ni kí ẹ gbàgbé àpò yẹn.

Ọ̀gá_Bíríkìlà

Ẹ gbọ́ ná, gbogbo ilé: táìsì ṣì wọlé!

Tíṣà_Kẹ́mísìrì

Mo padà sórí ikán. Ikán kì í jẹ fóòmù gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ, ṣùgbọ́n ó rọrùn fún un láti gbẹ́ ihò gba inú rẹ̀ kọjá lọ síbi tí igi òrùlé wà, ẹ kò sì ní rí i lóde. Torí náà, ẹ má jẹ́ kí fóòmù fara kan ilẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ lókè ilẹ̀ lórí kọ́ńkéré ìpìlẹ̀, kí ẹ sì rẹ́ ẹ dé ìdí pẹ̀lú nẹ́ẹ̀tì.

Èyí tó kan ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù wa ni pé àwọn tó ń fín oògùn ikán níhìn-ín, kẹrosíìnì tàbí dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń lú u. Bí ìyẹn bá ta sára fóòmù, á jẹ ẹ́, á sì bá ibi tí ẹ lẹ̀ jẹ́. Èyí tí wọ́n fi omi lú ni kí ẹ ní kí wọ́n fín, kí wọ́n sì ti fín in sílẹ̀ kí fóòmù tó dé. Bákan náà ni ọ̀dà dúdú tí wọ́n fi ń kun ìpìlẹ̀ kí omi má baà wọlé: èyí tí wọ́n fi tínà pò yóò yọ́ fóòmù, èyí tí wọ́n fi omi pò kò ní ṣe é ní nǹkan. Èyí tí wọ́n fi iná yan mọ́lẹ̀, ẹ má tilẹ̀ jẹ́ kó súnmọ́ ọn.

Kò_Yé_Mi

Ó dára. Ó ti ń yé mi díẹ̀díẹ̀. Iná ńkọ́?

Ẹnjiníà_Ọ̀yẹ́

Ìdí tí a fi ń rẹ́ ẹ nínú àti lóde nìyẹn. Kí ẹnikẹ́ni má gbé inú ilé tí fóòmù rẹ̀ ṣì hàn. Bí wọ́n bá sì ń jó irin pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà iṣẹ́, kí omi wà nítòsí.

Onílé_Ìyìn

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo ti dán an wò kí n tó náwó. Mo gé etí fóòmù tó kán, mo lẹ̀ ẹ́ ní méjì-méjì, oríṣi gọ́ọ̀mù kan fún ìdì kan, mo fi wọ́n sábẹ́ búlọ́ọ̀kù simẹ́ńtì di ọjọ́ kejì. Ti oníbàtà ti jẹ ihò tí ìka lè wọ̀. Ti kápíńtà, mo fà á, ó yọ kúrò, àárín ṣì tutù. Ti táìsì mú, ṣùgbọ́n mo lù ú mọ́lẹ̀, ó là níbi tí a ti lẹ̀ ẹ́. Ti agolo oníbọn yẹn, mo fà á títí, fóòmù fúnra rẹ̀ ló ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, ibi tí mo lẹ̀ kò tú.

Nǹkan méjì ló kù tí mo fẹ́ béèrè. Búlọ́ọ̀kù tó ti wà níta tipẹ́ ń pọ́n, bí mo bá fi ọwọ́ nù ún, ìyẹ̀fun ló ń tẹ̀lé ọwọ́ mi. Bí iṣẹ́ bá sì sún dé ìgbà ọyẹ́ ńkọ́?

Kọ́lékọ́lé_Kánádà

Bí fóòmù bá ya kí gọ́ọ̀mù tó tú, ẹ ti rí i. Gọ́ọ̀mù kò ní láti le ju ohun tó ń lẹ̀ lọ.

Oòrùn ló sọ ọ́ di pupa. Ìyẹ̀fun yẹn ni gọ́ọ̀mù máa dì mú, kò ní dé ara fóòmù. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì líle tàbí páálí yanrìn ha á dé ibi funfun, ẹ nù ún, kí ẹ tó yìn ín. Èyí tó kù, ẹ fi tapólì bò ó, kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀. Ẹ má fi láílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara bò ó, ooru abẹ́ rẹ̀ lè ká fóòmù kò. Gọ́ọ̀mù PU tó bá tú síta náà, oòrùn á sọ ọ́ di ẹlẹ́gẹ́, ẹ gé e kúrò, ẹ má pẹ́ kí ẹ tó rẹ́ ògiri.

Ọyẹ́: omi inú afẹ́fẹ́ ni PU fi ń gan. Lásìkò òjò ní Èkìtì, kò sí wàhálà. Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ, fóòmù méjèèjì kò sì mu omi, yóò pẹ́ kó tó gan láàárín. Ẹ fi ike tí àwọn onígẹ̀rí fi ń wọ́n omi sórí irun wọ́n omi lé e fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kó kàn dà bí ìrì, kí ẹ tó yìn ín. Bí omi bá ń ṣàn lára rẹ̀, ó ti pọ̀ jù.

Ìyá_Oníṣọ́ọ̀bù_Adó

Onílé, ẹ má ra gbogbo agolo lẹ́ẹ̀kan náà o. Ẹ ra ìwọ̀nba tó máa ṣe kóòsì kìíní, ẹ wo bí ó ṣe ń lọ sí, kí ẹ tó padà wá. Mi ò ní gba agolo tí wọ́n ti ṣí.

Onílé_Ìyìn

Mo gbọ́, mà. Lọ́la ni n ó wá ra ìbọn. Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ bá mi wá wo ìpìlẹ̀ yẹn ní Sátidé, kí ẹ bá bíríkìlà mi sọ̀rọ̀, torí kò gbọ́ tèmi.

Ọ̀gá_Bíríkìlà

Sátidé kẹ̀? Ìnáwó wà ní Ìlawẹ̀. Mọ́ńdè ni n ó wá. Ẹ ti ra àpò táìsì kan sílẹ̀, kí ẹ sì wá okùn àti lẹ́fẹ̀lì gígùn, kì í ṣe kékeré tí àwọn ọmọ fi ń ṣeré yẹn.